Ọjà Tí Kò Nílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Èrè àti Ewu Ayé Inú Ẹ̀rọ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú yín, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Owó àwọn ìyá ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú ìpàdé wa kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta iṣu dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu òun. Ó ní òun lọ sí báǹkì láti gba owó tí òun fẹ́ fi kó iṣu, wọ́n ní ₦86,000 ti dín nínú rẹ̀. Ó pariwo, ó ní wọ́n ti ja òun lólè. Ìgbà tí báǹkì tẹ ìwé ìṣirò owó náà jáde, wọ́n rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni owó ọ̀hún ń jáde: ₦2,000 lónìí, ₦5,000 lọ́la, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ra aṣọ, bàtà àti idà. Ìyá ní, "Aṣọ wo? Èmi ò rí aṣọ kankan nínú ilé." Ọmọ ní, "Màámi, kò sí nínú ilé. Inú eré ló wà. Èèyàn mi tó wà níbẹ̀ ló wọ̀ ọ́."

Àwa tí a wà nípàdé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn kò rẹ́rìn-ín o, nítorí ó ti ṣèlérí owó fún àgbẹ̀ tó wa iṣu sílẹ̀ dè é. Kí ẹ̀rín wa tó tán, ìyá mìíràn tó ń ta epo pupa tún dìde. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Adó ń rọ òun pé kí òun mú ₦150,000 wá kí àwọn fi ra ilẹ̀ kan nínú íntánẹ́ẹ̀tì, pé láàárín oṣù mẹ́ta, owó náà á di ìlọ́po méjì. Ó ní, "Ẹ̀yin aṣíwájú, ṣé kí n rà á àbí kí n má rà á?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi lọ wádìí, tí a bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí a sì mú èsì rẹ̀ wá síbí.

KÍ NI AYÉ INÚ Ẹ̀RỌ?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé gbogbo wa. Ayé inú ẹ̀rọ jẹ́ ìlú kan tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà. Ó ní títì, ilé, igi, odò, ọjà àti ibi ijó. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọlé nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló máa wọ ibẹ̀ o. Ère kékeré kan tó dúró fún un ni yóò máa rìn níbẹ̀, tí yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò máa rà, tí yóò máa tà. Ẹlòmíràn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà náà á rán ère tirẹ̀ wá, wọn á jọ pàdé. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti egúngún: aṣọ là ń rí, a ò mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn kan ń lo awò ńlá kan tí wọ́n ń dè mọ́ ojú. Bí èèyàn bá dè é, tó bá yí ọrùn sọ́tùn-ún, á rí ọ̀tún ìlú náà. Tó bá wòkè, á rí òfuurufú rẹ̀. Á máa ṣe é bíi pé ó wà níbẹ̀ gan-an.

Nǹkan yìí kì í ṣe ti àná. Èyí tí wọ́n ń pè ní Second Life ti ṣílẹ̀kùn láti ọdún 2003 ní Amẹ́ríkà. Roblox, tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa mọ̀ dunjú, ti wà láti ọdún 2006. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Meta, ó ní irú ayé báyìí ni òun fẹ́ máa kọ́. Láti ìgbà náà ni ariwo rẹ̀ ti gba ìlú kan.

ÌLẸ̀KÙN ÒGÒGÀ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé kò kàn wá. Àwa ará ìhín ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ohun ilé ẹni wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹni kò dé. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tó ṣiṣẹ́ láàfin Arínjalẹ̀, gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sórí rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó sì gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n rù wá láti kí i. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òyìnbó rí i, ẹnu yà wọ́n, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Títí di òní, ilé ìṣúra British Museum ni ìlẹ̀kùn náà wà.

Lónìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lè tẹ fóònù kó sì rí àwòrán ìlẹ̀kùn náà láìsan owó ọkọ̀ òfuurufú. Èrè íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwòrán ló rí. Ìlẹ̀kùn gan-an ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ìyàtọ̀ láàárín ká rí nǹkan àti ká ní nǹkan, òun gan-an ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

ÈRÈ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Èkíní, ó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, tí wọ́n sé ọ̀nà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ṣe ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú, tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi rí ojú wa. Ayé inú ẹ̀rọ tún ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn tí kò lè rìn rí ibi tí wọn yóò ti bá ẹgbẹ́ wọn tàkúrọ̀sọ.

Èkejì, ó ń kọ́ni níṣẹ́. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ti ń fi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó gbé èrò. Àwọn dókítà náà ń fi kọ́ iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá ṣàṣìṣe níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kú. Ní Èkó, arábìnrin Judith Okonkwo dá ibi ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2016, Imisi 3D lorúkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa bí wọn yóò ṣe máa fúnra wọn ṣe irú nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí ọmọ tó kàn ń fowó ìyá rẹ̀ ra idà.

Ẹ̀kẹta, ó ń jẹ́ ká gbọ́ ẹkún ẹni tó jìnnà. Gbogbo wa la rántí àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó lọ ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ọmọ Nàìjíríà kan, Joel Kachi Benson, lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn, ó sì ṣe fíìmù kan tí èèyàn ń fi awò ńlá yẹn wò. Daughters of Chibok ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á dà bí ẹni tó jókòó sínú àgbàlá ìyá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 2019, fíìmù náà gba ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún sinimá ńlá ti Venice ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Àwọn tí kò lè tọ́ka sí Nàìjíríà nínú àwòrán ilẹ̀ ayé rí omijé ìyá Chibok lójúkojú.

Ẹ̀kẹrin, àwọn kan ti rí owó níbẹ̀. Èyí á wu ẹ̀yin oníṣòwò gbọ́. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ailin Graef, ọmọ Ṣáínà tó ń gbé ní Jámánì. Nínú Second Life, orúkọ tó ń jẹ́ ni Anshe Chung. Òwò ilẹ̀ ló ń ṣe níbẹ̀. Á ra ilẹ̀ gbàǹgbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ayé náà, á gé e wẹ́wẹ́, á tún un ṣe, á wá tà á tàbí kó yá àwọn èèyàn lò. Ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń ra àpò gàrí, tí a ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà náà nìyẹn? Owó ibẹ̀ ṣeé ṣẹ́ sí dọ́là. Ní ọdún 2006, ó kéde pé ohun tí òun ní níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Obìnrin yìí kì í sùn lórí òwò rẹ̀. Iṣẹ́ ló fi ṣe, kì í ṣe eré. Ẹni ẹgbẹ̀rún ló wọlé, ẹni díẹ̀ ló jèrè.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Èkíní, ohun tí a rà níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Bí ìsọ̀ yín bá jóná ní Ọjà Ọba, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Bí ilé iṣẹ́ tó ni ayé inú ẹ̀rọ bá ti í pa, ilẹ̀, ilé, aṣọ, gbogbo rẹ̀ parẹ́ bí àlá. Owó ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń já lulẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ariwo rẹ̀ pọ̀, ilé iṣẹ́ kan ra ilẹ̀ nínú ayé tí wọ́n ń pè ní Decentraland ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí iye owó ilẹ̀ ibẹ̀ fi wálẹ̀ gidigidi. MTN tó ń ta láìnì fún wa náà ra ojú ilẹ̀ 144 ní oṣù Kejì ọdún 2022 nínú ayé kan tí àwọn ará South Africa dá sílẹ̀. MTN lè fi owó dán nǹkan wò. Ìyá tó fẹ́ fi owó epo dán an wò ńkọ́?

Èkejì, gbájúẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú Second Life yẹn kan náà, báǹkì kan wà tó ń jẹ́ Ginko. Ó ṣèlérí èlé tó lé ní ogójì náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà lọ́dún, ká fi náírà ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn èèyàn kó owó sí i. Ní ọdún 2007, gbogbo wọn sáré wá gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, báǹkì kò rí i san, ó sì dojú dé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ tó ni Second Life fi òfin de gbogbo báǹkì tí kò ní ìwé àṣẹ ìjọba.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? MMM dé Nàìjíríà ní ọdún 2015, ó ṣèlérí ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó ti owó àwọn èèyàn mọ́lé. CBEX náà dé, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó ṣe bákan náà. Ọdún 2025 kan náà ni òfin tuntun jáde tó sọ pé ẹni tó bá dá irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n. Òfin dára. Àmọ́ òfin kì í dá iṣu tó ti jóná padà. Orúkọ ló ń yí, ọ̀nà kan náà ni: owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san fún ẹni tó wọlé ṣáájú.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọlọ́ṣà ìgbàlódé wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn ọ̀daràn wọ ibi tí àwọn tó ń ṣe eré Axie Infinity ń gba kó owó kọjá, wọ́n jí ohun tó lé ní ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù dọ́là. Wọn ò fọ́ fèrèsé, wọn ò yọ ìbọn.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ wa. Ẹ rántí egúngún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ère tó ń bá ọmọ yín ṣeré, tó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun, ó lè jẹ́ géńdé ọkùnrin tó ní èrò ibi. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe eré wọ̀nyẹn kó máa wu ọmọ láti máa ra nǹkan ni. Wọn kì í pe owó ní owó. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é, kí ọmọ má baà mọ̀ pé owó iṣu màmá òun ni òun ń ná.

Ẹ̀karùn-ún, owó dátà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba gba àwọn oníláìnì láàyè láti fi owó kún owó títí dé ìdajì. Ayé inú ẹ̀rọ ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé iṣu. Awò ńlá yẹn sì ń kọ́ àwọn kan lójú, ó ń mú èébì gbé wọn.

ÌDÁHÙN WA SÍ ÌYÁ ELÉPO

Ìyá wa, ohun tí a ní ká sọ nìyí. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ni ayé tí ilẹ̀ náà wà? Bí owó bá sọnù, ta la máa rí mú, ọ́fíìsì wo la máa lọ? Ta ló fẹ́ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wa lónìí, kì í ṣe lọ́la? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi owó yín ra epo. Epo tí ẹ kó pamọ́ nígbà tó pọ̀, ẹ mọ ìgbà tó ń wọ́n. Ẹni tó bá sọ fún yín pé owó á di méjì láàárín oṣù mẹ́ta láìsí iṣẹ́, ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi lọ yá owó kó sì ṣe é fúnra rẹ̀.

ÈYÍ TÓ BÁ WA MU

A ò ní kí ẹ sá fún íntánẹ́ẹ̀tì o. Ọjà tí kò nílẹ̀ wà tó wúlò fún wa lónìí, òun ni WhatsApp tó wà lọ́wọ́ yín. Bí a bá ń fi òwò ṣe é, ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀ lé nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ ya àwòrán ọjà yín nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ gbé kóńgò tàbí rọ́bà tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó mọ bó ṣe tó. Ẹ kọ iye owó síbẹ̀.

2. Ẹ má ṣe di ẹrù mọ́tò kí owó tó wọlé. Lẹ́yìn tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó sí àkáǹtì, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti ba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́jà jẹ́. Ẹ má gba ohun tí ẹ rí lójú fóònù oníbàárà gbọ́. Ẹ wo àkáǹtì tiyín bóyá owó ti kún un.

3. Ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti ti mọ́tò, ẹ ya àwòrán ẹrù kó tó gbéra. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

4. Ẹ ní àkáǹtì méjì. Èyí tí owó ọjà ń wọ̀ ni kó wà lórí fóònù. Èyí tí owó ńlá wà, ẹ má so ó mọ́ fóònù rárá.

5. PIN kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún ọmọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó gbọ́n jù. Ẹ má sì jẹ́ kí káàdì ATM yín wà nínú fóònù tí ọmọ fi ń ṣeré.

6. Ẹ bi ọmọ yín pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Ẹ jókòó tì í kó fi hàn yín. Ẹ dá àkókò fún un, kó mọ ìgbà eré àti ìgbà ìwé.

7. Bí owó bá jáde tí ẹ ò mọ̀ sí i, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ẹ lọ sí báǹkì yín, ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà náà.

Ìyá oníṣu wa ńkọ́? A bá a kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni eré náà. Owó tó jáde ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n dá padà, ₦31,000. Wọ́n ní ìyókù ti pẹ́ jù. Ká ní ó ń wo àkáǹtì rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, bóyá ìbá rí púpọ̀ gbà. Ẹgbẹ́ yá a ní owó díẹ̀ láti inú àpò àjọ, ó san ti àgbẹ̀, ó sì ti ń dá ti ẹgbẹ́ padà. Kò na ọmọ náà títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọmọ náà ló ń bá a ya àwòrán iṣu sórí WhatsApp báyìí lẹ́yìn tó bá ti ìwé dé, ṣùgbọ́n ìyá nìkan ló mọ PIN.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìsọ̀ tí ẹ ní lọ́jà àti ilẹ̀ tí wọ́n ń tà nínú ẹ̀rọ?
2. Ta ló ti gba alẹ́ẹ̀tì ayédèrú rí láàárín wa? Báwo ló ṣe mọ̀?
3. Ṣé ẹ mọ orúkọ eré tí ọmọ yín ń ṣe lórí fóònù?

Ẹ ka ìwé yìí fún àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, kí àwọn ọmọ náà sì gbọ́. Ọjà á tà o, a ò ní fi owó ọjà ra àlá. Ó dìgbà kan ná.